Ohùn Mẹ́rin Lẹ́nu Ẹfúnróyè

Gbogbo ẹni tí ó mọ Ẹfúnróyè, opó Oyèdọ̀tun àti ìyá Bùsọ́lá, ní Ìlá-Ọ̀ràngún ló mọ̀ pé obìnrin náà kì í pariwo. Nínú ìjọ, ohùn tirẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn àmín. Lọ́jà, bí oníbàárà bá ná ata rẹ̀ ní ìnákúnàá, ẹ̀rín músẹ́ ni yóò fi dá a lóhùn, yóò sì fa aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn kàn pé Ẹfúnróyè dúró níwájú àwọn aṣòfin, tí wọ́n ní kí ó jókòó, tí ó sì kọ̀, àwọn kan rò pé orúkọ ni àwọn oníròyìn ṣì.

Oko rẹ̀ kò sí nítòsí ìlú. Àwọn baba ọkọ rẹ̀ ló ti Ìlá wá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ sí ìhà ibi tí ojú irin gbà kọjá, tí wọ́n sì tẹ abà kékeré kan dó, Abà Olóbì. Ilé wà ní apá ìhín ojú irin, oko wà ní apá ọ̀hún. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ló so méjèèjì pọ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn tí ń rìn ín lónìí tó dáyé.

Ọ̀nà náà ni ọkọ rẹ̀ gbà lọ, tí kò padà. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò rí igi tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin já lójijì láìfọn fèrè, ó sì gbá Oyèdọ̀tun. Láti ọjọ́ náà, Ẹfúnróyè kì í dá irin kọjá láìkọ́kọ́ dúró. Yóò sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, yóò tẹ́tí títí, yóò fi ọ̀nà rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi oko sílẹ̀. Ó mọ ohun tí Olúwa wí nípa ẹni tí ó ti gbé ọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ tí ó tún ń wo ẹ̀yìn.

Kò dá a ṣe. Àwọn mẹ́ta ni Ọlọ́run fi tì í lẹ́yìn. Èkíní ni Jàmíátù, ọmọ Ṣàkírù aránṣọ, obìnrin tí ó máa ń ki ìrun rẹ̀ lábẹ́ igi obì lórí oko, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Èkejì ni Obed, ọmọ ìjọ Ẹfúnróyè, ọ̀dọ́mọkùnrin onítìjú. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Àjíṣafẹ́, ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wọn. Àáró ni àwọn mẹ́rin ń ṣe: lónìí gbogbo wọn a ro oko ẹnìkan, lọ́jọ́ àáró tí ó tẹ̀lé e wọn a bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n ti bá ro tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí kan sì tún wà láàárín wọn: ní ọjọ́ àáró ẹlòmíràn, a kì í sọ̀rọ̀ oko tara ẹni. Ẹni tí ọjọ́ kàn ni ó ni gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀.

Ìwà ọmọlúàbí yẹn ló kó wọn sí wàhálà.

Ní àkókò náà, àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí àbá òfin ààbò ojú irin, àwọn ará abà sì ń gbọ́ iyàn náà lórí rédíò. Àwọn kan ní kí wọ́n fi odi dí gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó dá irin kọjá, kí ikú lè dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn bi wọ́n pé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lódìkejì ńkọ́? Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ tì sí ni pé, níbi tí àgbẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀ sí, wọn yóò ṣe gèètì síbẹ̀, wọn yóò sì fi olùṣọ́ sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, ìjọba yóò fún un ní owó ìrànwọ́, kí ó fi oko náà sílẹ̀, wọn yóò sì dí ọ̀nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán láti wo oko kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ọjọ́ àáró Ẹfúnróyè ni wọ́n dé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ebè rẹ̀, òógùn ń ro.

"Oko ta nìyí?" ni ọ̀gá wọn béèrè.

Jàmíátù nà tán, ó fi ọkọ́ tọ́ka sí Ẹfúnróyè. "Oko wọn nìyí. Iṣẹ́ wọn ni gbogbo wa wá ṣe."

Òtítọ́ ni ó sọ, ìwà ọmọlúàbí ni ó sì hù. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ yíká àwọn oko yòókù, wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ohun tí ó wí ni pé àgbẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní Abà Olóbì, àwọn mẹ́ta tí ó kù sì jẹ́ lébìrà rẹ̀. Wọ́n ní kí Ẹfúnróyè wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ìlá, kí ó wá sọ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin pé òun gba owó ìrànwọ́ náà.

Jàmíátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùsọ́lá, ẹ ti di ọ̀gá wa, ẹ ò tilẹ̀ pè wá jẹun! Lébìrà yín ń retí oúnjẹ ọ̀sán o."

Obed kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ gba owó náà. Bùsọ́lá ṣì wà nílé ìwé. Àwa á wá ilẹ̀ síbòmíràn, Ọlọ́run á ṣe é."

"Obed, nígbà tí Oyèdọ̀tun kú, tí mo wà nínú ilé opó, ta ni ó kọ ebè mi?"

Obed ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Mo bi ọ́ ni."

"Àwa ni, Màmá."

"Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Bàbá Àjíṣafẹ́ mi orí. "Wọn ò ní jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Ìwọ nìkan ni wọ́n mọ̀."

"Ẹ ṣáà wá, Bàbá. Ẹ bá mi dúró."

Ní ọjọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ Ìlá tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn jókòó níwájú, àwọn àgbẹ̀ láti Òkè-Ìlá àti Ọ̀tan wà lẹ́yìn. Ọnọ́rébù Adéníran ni alága ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin tí ó mọ̀ ọ́n sọ, tí kò sì fẹ́ kí nǹkan pẹ́.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ gbà, ká lè kọjá síwájú."

Ẹfúnróyè di ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà mú. "Ẹ ṣeun, Ọnọ́rébù. Mi ò gbà."

Gbọ̀ngàn hó. Adéníran rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, irin yìí ló pa bàbá. Tìtorí irú yín gan-an la ṣe ń ṣe òfin yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Fún ìgbà díẹ̀, kùrukùru òwúrọ̀ ọjọ́ náà tún bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà súnmọ́ ẹnu.

"Ọ̀nà kọ́ ló pa ọkọ mi. Ohun tó pa á ni pé kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún un. Ẹ fún wa ní gèètì, ẹ fún wa ní olùṣọ́. Ẹ má fi òkú Oyèdọ̀tun dí ọ̀nà oko Oyèdọ̀tun."

"Gèètì wà fún ibi tí àgbẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

"Àwa mẹ́rin ni. Àwọn tó kù nìyẹn."

Àwọn mẹ́ta náà dìde.

"Ṣé àwọn lébìrà yín?"

"Lébìrà kẹ̀!" ni Jàmíátù ké. "Ọnọ́rébù, ẹ wò mí dáadáa. Ọ̀gá wo ló fẹ́ gba irú èmi síṣẹ́?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Adéníran fi òòlù kan tábìlì. "Ẹ jókòó, ìyá! Ẹni tí wọ́n pè nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ohùn Màmá nìkan la máa gbọ́ níbí."

"Ohùn tèmi nìkan?" ni Ẹfúnróyè béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kò burú. Ohùn mi náà lẹ ó gbọ́." Ó yíjú sẹ́yìn. "Jàmíátù, máa bọ̀."

Jàmíátù wá, ó fi ẹnu sí i létí, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹfúnróyè sì ń gbé e síta sókè ketekete: "Èmi Jàmíátù, ọmọ Ṣàkírù. Gbágùúdá mi wà ní apá ọ̀hún irin, ó ti gbó. Bí èmi bá jẹ́ lébìrà Ẹfúnróyè, Ẹfúnróyè náà lébìrà mi ni, torí nígbà tí oko tèmi kàn, òun ló ń kọ ebè níbẹ̀." Jàmíátù tún sọ nǹkan kan sí i. Ẹfúnróyè yíjú sí alága. "Èyí tó sọ tẹ̀lé e, mi ò ní sọ ọ́ síta, nítorí mo jẹ́ ọmọ Ọlọ́run."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Adéníran pàápàá bojú rẹ̀.

Obed ló tẹ̀lé e, ojú ń tì í, ó ń kólòlò. Ṣùgbọ́n ní ẹnu Ẹfúnróyè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kólòlò mọ́. Bàbá Àjíṣafẹ́ ló kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò sì gùn: "Èmi Àjíṣafẹ́. Baba mi ló pa ààlà oko mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó wá bá mi lórí rẹ̀."

Ní aginjù, àwọn ọmọbìnrin Selofehadi dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ baba wọn parẹ́ nínú ìpín ilẹ̀. Olúwa sì wí pé ẹjọ́ wọn tọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Ẹfúnróyè ti ka ìtàn náà fún àwọn ìyá ìjọ. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò dúró síbi tí wọ́n dúró sí.

"A ti gbọ́, Màmá," ni Adéníran wí. "Ẹ jókòó wàyí."

"Mi ò ní jókòó. Àgbẹ̀ mélòó ló wà ní Abà Olóbì, Ọnọ́rébù?"

"Màmá, mo ní kẹ́ ẹ jókòó."

"Ẹsẹ̀ mi kò tíì rẹ̀ mí. Iṣẹ́ oko ni mò ń fi í ṣe. Mélòó ni wá?"

"Mẹ́rin!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀tan gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará Èkó tí wọ́n jókòó níwájú náà bá wọn gbè é, títí òòlù alága kò fi ṣeé gbọ́ mọ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Adéníran mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi fúnra mi á wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Kí oníkálùkù dúró lórí oko tirẹ̀."

"Ní Ọjọ́bọ̀, oko Jàmíátù ló kàn. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá gbogbo wa. Bí ẹ bá dé, a ó mú yín yíká."

"Màmá, a ní ìlànà tiwa o."

"Àwa náà ní tiwa, Ọnọ́rébù." Ìgbà náà ló tó jókòó.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àáró sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ẹfúnróyè kò gbà. Bí wọ́n bá tú àáró ká nítorí kí ìjọba lè kà wọ́n, kí ló kù tí ìjọba fẹ́ kà?

Adéníran wá lóòótọ́. Ẹfúnróyè pàdé rẹ̀ ní apá ìhín ojú irin, láti sìn ín dé oko Jàmíátù. Fóònù wà létí ọkùnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí òkúta ojú irin nígbà tí Ẹfúnróyè di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró. Níbí, a máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí."

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúró. Adéníran fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn igbó níbi tí irin ti ṣẹ́ kọ́nà, ọkọ̀ yọ gìrìgìrì, ó kọjá lára wọn, atẹ́gùn rẹ̀ sì ká fìlà Ọnọ́rébù lórí jù sínú ewéko.

Adéníran gbé fóònù kúrò létí.

"Kò fọn fèrè," ni ó wí.

"Kò fọn ọ́n," ni Ẹfúnróyè dáhùn. Ó bá a mú fìlà rẹ̀, ó gbọn koríko ara rẹ̀ nù, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé orí. "Ẹ máa bọ̀, Ọnọ́rébù. Oko mẹ́rin la fẹ́ rìn."