Ọkọ̀ Tí A Bú Kí A Tó Rà Á

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà fún títà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Irú rẹ̀ gan-an ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì. Irú rẹ̀ náà la fi kó ẹrù ìyàwó mi wá láti Ìkòyí-Ilé.

Mẹkáníìkì mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ká tètè lọ, ká lè bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ gbóná de oníbàárà, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Bó ti kírun àsùbáà tán la gbéra.

"Bàbá, ẹ má yìn ín o," ló ń kìlọ̀ lójú ọ̀nà. "Èmi ni n ó máa bú u. Bí wọ́n bá ti rí eyín yín pẹ́nrẹ́n, ọjà ti bàjẹ́."

Bí a ṣe ń nájà nílẹ̀ wa náà nìyẹn: ẹni tó fẹ́ nǹkan ló ń bú u.

Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ló wà á gbẹ̀yìn. Lábẹ́ igi máńgòrò la ti bá ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó tutù. Mo yáa sọ ojú mi sílẹ̀, kí ìyá má baà rí ẹ̀rín mi. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde.

"Ìpẹtà ti jẹ ìdí ẹ̀ tán. Màmá, òkú ọkọ̀ rèé."

"Ṣé ẹ wá rà á ni, àbí ẹ wá sìnkú?"

Mẹkáníìkì tún fi kún un. "Àwọn tó ń ra irin jákujàku ló yẹ kí wọ́n wá gbé e."

Ojú ìyá yí padà. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Wọ́n wá lánàá, mo lé wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ. N kò tà mọ́."

Mẹkáníìkì ń bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, ìyá ti kọjú sílé. Ni mo bá gbàgbé ìkìlọ̀.

"Màmá, ọkọ̀ yìí dáa. Ṣé jíà ẹ̀ kejì ṣì máa ń ṣoríkunkun, àfi téèyàn bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì?"

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà. Mo wà á síwájú díẹ̀ nínú àgbàlá, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo tún un tẹ̀. Jíà kejì wọlé wẹ́rẹ́. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu.

"Bí bàbá wọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ó ní.

Kí oòrùn tó mú, mo ti sanwó, mo sì ń wa ọkọ̀ mi bọ̀ ní Ọ̀yọ́, mẹkáníìkì ń ráhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìpẹtà yẹn wà níbẹ̀ o, bàbá. N kò purọ́."

"Mo mọ̀," mo ní. Òkè kan wà níwájú wa. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì.