Ìwo Àgùàlà ní Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n Ààwẹ̀

Ọpẹ́ ni mo fi ṣáájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó gbé ojú ọ̀run ró láìfi òpó tì í, tó fún mi ní ojú méjì tó ṣì ń ríran, tó sì fi mí sábẹ́ Alfa kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí pàṣán wọn kọ́ mi pé ohun tí mi ò bá rí, n kò gbọdọ̀ sọ pé mo rí i. Mo tún dúpẹ́ pé ìtìjú kì í pa èèyàn. Ká ní ó máa ń pani ni, Ajah ni wọn ì bá sin mí sí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹ̀sìn tuntun kan wọ ẹ́sítéètì wa ní Lẹ́kkí nígbà náà: wíwo ìràwọ̀. Ọ̀gá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ epo ló mú un wá. Wọ́n ra awò awọ̀nàjíjìn kan tó gùn tó páìpù omi òjò, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wọn. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìràwọ̀ ní Lẹ́kkí. Nítorí ìbẹ̀rù olè, a ti tan iná sára ògiri, sára ọ̀pẹ tí kì í so, àní sínú omi ìwẹ̀, títí ojú ọ̀run fi funfun bí ògì. A sanwó kí òkùnkùn má baà wọlé wa. Ẹni tó bá wá fẹ́ rí ohun tí Ọlọ́run dá, àfi kó wa ọkọ̀ dé Eleko, kó lọ tọrọ òkùnkùn lọ́wọ́ àwọn apẹja.

Ibẹ̀ la máa ń lọ, èmi àti Ọ̀gá. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń gbé fóònù sójú awò tí fọ́tò ò fi ní mì. Torí pé mo lọ ilé-kéwú, Alfa Kékeré ni Ọ̀gá ń pè mí. Àwọn fúnra wọn kì í gba ààwẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́dún. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ inú ọ̀hún kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹja yíyan aláta ní etíkun.

Lóṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn, ìmọ́lẹ̀ méjì tó tàn jù lójú ọ̀run ń súnmọ́ra ní ìwọ̀-oòrùn lálaalẹ́. Ọ̀kan ni Àgùàlà, èkejì ni Júpítà. Wọn kì í ṣe ìràwọ̀ ní ti gidi. Oòrùn ni wọ́n ń yí po bí ayé wa yìí, ọ̀nà wọn sì jìn síra gan-an. Ibi tí a dúró sí ló mú wọn jọ aládùúgbò, gẹ́lẹ́ bí àwa ará ẹ́sítéètì: ẹni tó bá ń wò wá láti òkèèrè á rò pé a mọ ara wa. Ọjọ́ tí wọ́n máa súnmọ́ra jù wá bọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo wa ń wòkè bóyá oṣù á lé kí a lè túnu lọ́jọ́ kejì.

Fóònù Ọ̀gá ti sọ pé òṣùpá á ti wọ̀ ṣáájú oòrùn lọ́jọ́ náà, pé kò sí ojú tó lè rí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo fi dàbínù mẹ́ta ṣínu lórí iyanrìn Eleko, mo kírun Màgàríbì, mo lẹ ojú mọ́ awò. Ohun tí mo rí mú mi gbàgbé òǹgbẹ. Àgùàlà, tó dà bí iná róbótó lójú lásán, ti yọ ìwo méjì bí oṣù tuntun. Òun náà a máa fá, a máa kún, bíi ti òṣùpá, ẹni tí kò bá ní awò ni kì í mọ̀. Júpítà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Oṣù àti ìràwọ̀, bí èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí mọ́sálásí. Mo yà á, ó sì dúró régé.

Ó yẹ kí n kọ ohun tó jẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùfọkànsìn tó ń wá ìyìn kì í fẹ́ kí àlàyé ba ọjà òun jẹ́. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run," mo jù ú sí gúrúùpù ẹ́sítéètì.

Kí a tó palẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọdún. Ẹnì kan ti ń béèrè ẹni tó ní ìkòkò ńlá. Ọkùnrin kan tí mi ò rí ní mọ́sálásí rí ti ń kọ àdúà gígùn. Àwọn tí mo ti ń kí láti ọdún mẹ́ta tí wọn kì í dáhùn wá ń pè mí ní ọmọ wa. Fọ́tò náà sì ti ṣáájú wa dé Ajah, níbi tí mọ́sálásí Alfa tó kọ́ mi wà.

Mo ní kí n kọ̀wé pé kì í ṣe òṣùpá. Ọ̀gá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, inú àwọn èèyàn ń dùn.

"Alfa Kékeré, ọjọ́ kan péré ni. Ta ló máa mọ̀?"

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, láti Lakowe títí dé Sangotedo lójú ọ̀nà ilé, n kò kọ nǹkan kan. Ìyìn náà dùn. Ìyàwó mi ló pè tó bà á jẹ́. Ó ní Alfa mi ti gbọ́, pé wọn ò tíì kéde, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, tí wọ́n ti ń sọ pé Alfa ti gbó jù, ní kí wọ́n yára kéde, Alfa sì dáhùn pé ọmọ tí àwọn fi ọwọ́ àwọn kọ́ ni, kò ní parọ́, kó wá jẹ́rìí. Mo wá rí ohun tó wà nílẹ̀. Bí Alfa bá kéde, tí odidi àdúgbò jẹun nínú ààwẹ̀, ọrùn Alfa ni yóò wà, àwọn ọ̀dọ́ yẹn náà ni yóò sì kọ́kọ́ lé wọn kúrò níwájú.

Ọ̀gá tújú ká. Wọ́n ní ṣebí ẹlẹ́rìí méjì ni òfin wí, pé àwọn á ṣe ìkejì. Ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fẹ́ bá wa fòpin sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Àwọn èèyàn kún iwájú mọ́sálásí, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n wọlé kírun àṣámù tí à ń kí lálẹ́ ààwẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ ki ata bọ ẹ̀rọ. Alfa jókòó sórí ẹní, òwú ni wọ́n fi so awò ojú wọn. Wọ́n wo fọ́tò náà pẹ́, wọ́n ní ó dára púpọ̀. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Ìwọ fúnra rẹ lo rí i, àbí fóònù ló rí i?"

Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo bàtà wọn.

"Awò ni mo fi rí i, fóònù ló yà á, Alfa. Kì í sì í ṣe òṣùpá. Àgùàlà ni. Mo mọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí n tún un wò dáadáa. Òmíràn ní ẹ̀rí ti wà lójú fóònù, ta wá ni mí tí mo fi ń ta ko fọ́tò tí mo yà. Alfa kò bá wọn jiyàn.

"Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni," ni wọ́n wí. Wọ́n dá fóònù padà. "Ó dáa. Kí fóònù lọ túnu ní tirẹ̀. Àwa á gba ti ọ̀la."

Wọ́n dìde, wọ́n kọjú síwájú, a kírun.

Kò sí ààwẹ̀ tó gùn bíi ti ọjọ́ kejì yẹn. Bàbá Àgùàlà ni wọ́n ń pè mí káàkiri ẹ́sítéètì, àwọn tó sì ń pariwo rẹ̀ jù ni àwọn tí òórùn ata ń jáde ní ilé wọn lọ́sàn-án gangan. Ọgbẹ́ inú Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Alfa ní kí n gbé awò náà wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Oṣù ti lé, ó hàn sí gbogbo ojú. Wọ́n fi awò wo Àgùàlà, wọ́n tún fi ojú lásán wo òṣùpá, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbá mi léjìká.

"Tí o bá tún yà á," ni wọ́n wí, "kọ orúkọ rẹ̀ sí i lábẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dópin, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyìn gba òótọ́ lẹ́nu yín. Kí Ó fún yín ní olùkọ́ tó máa bi yín léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù tó ń bọ̀, kó lé bá wa nínú àlàáfíà, kí a sì fi ojú ara wa rí i. Àmín.