Madame Aago Nínú Ọgbà Ọkọ̀

Ní ọdún 1978, nígbà tí owó yùréníọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ń ya wọ Niamey, tí àwọn ológun sì wà lórí àlééfà, ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò Zongo tó ń jẹ́ Àsíátù. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Abidjan ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́. Nígbà tó padà dé, ọ́fíìsì kékeré kan tó ń gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn gbà á fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó ná. Ìyá rẹ̀, Mùínàt, tó ń ta abọ́ tánńganran, kò yé bi í pé irú iṣẹ́ wo gan-an nìyẹn.

"Màá lọ sí ibi iṣẹ́ oníṣẹ́, Ìyá. Màá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, màá sì sọ bí yóò ṣe dára sí i."

"Háà! Èmi ti ń ṣe ìyẹn fún bàbá rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kì í sì í gbọ́."

Oṣù mẹ́ta náà ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Mùsíọ̀ Boubacar, kọ́kọ́ rán an jáde ní òun nìkan. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó oúnjẹ àti sìmẹ́ńtì lọ sí Arlit, níbi tí wọ́n ti ń wa yùréníọ̀mù. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní òwúrọ̀ lè jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní àwọn alábàárù ló ya ọ̀lẹ.

"Lọ wá ohun tó ń fà á," ni Boubacar wí. "Bí ìwé tí o bá kọ bá wúlò, o dúró. Bí kò bá wúlò, a ó dágbére fún ara wa."

Àsíátù wọ bàtà gogoro, ó mú aago àti ìwé kékeré, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà ọkọ̀ náà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ń wo aago, ó ń kọ̀wé. Àwọn alábàárù pè é ní Madame Aago, wọ́n sì ń sáré bí ẹni tí ejò ń lé. Fún ọjọ́ méjì, gbogbo ọkọ̀ gbéra kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ọjọ́ kẹta tí kò lọ, ó gbọ́ ní ọ́fíìsì pé ọkọ̀ kankan kò kúrò lójú kan.

Ó délé, kò lè jẹun. Gbogbo ohun tó kọ ti di irọ́.

"Ṣé o kí wọn kú iṣẹ́?" ni Mùínàt bi í.

"Ní ilé ìwé, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ dá òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ dúró."

"Ọmọ Yorùbá rèé! O dúró ti èèyàn láti àárọ̀, o ò kí wọn, o wá ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

"Kì í ṣe orúkọ, Ìyá. Ìṣẹ́jú ni."

"Ta ló sọ fún wọn? Láyé ológun yìí? Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Àsíátù wọ sálúbàtà, ó fi ìwé sílé. Ó lọ bá Ousmane, àgbà àwọn alábàárù, nídìí ìkòkò tíì rẹ̀, ó sì fi èdè Zarma, èdè ìlú náà, kí i dáadáa: ó béèrè ilé, ó béèrè ooru, ó béèrè àárẹ̀ iṣẹ́.

"Bàbá," ló wí, "wọ́n ń dán èmi náà wò. Bí mi ò bá mọ ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, iṣẹ́ mi ti lọ."

Ousmane bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń ṣọ́ ìwọ náà ni? Jókòó. A rò pé etí ìjọba ni ọ́."

Tíì àkọ́kọ́ korò, kò fajú ro. Ó mu ìkejì. Nígbà tí ìkẹta dé, Ousmane fi ẹnu júwe ọgbà. "Ka ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ka tapólì."

Àsíátù yí ọgbà ká, ó sì fi àwọn tó ti lọ Arlit kún un. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Tapólì tí wọ́n ń fi bo ẹrù, mẹ́rin péré. Ousmane ṣàlàyé ìyókù: nígbà tí owó dé, wọ́n ra ọkọ̀ tuntun márùn-ún, kò sì sí ẹni tó rántí tapólì. Ọkọ̀ tó bá ti di ẹrù tán ń dúró de èyí tó lọ Arlit kó tó rí nǹkan fi borí. Ní ọjọ́ méjì tí Madame Aago fi dúró tì wọ́n, ìbẹ̀rù ló mú kí wọ́n lọ yá tapólì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ọjà.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ẹnì kan sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní òun ló jí ìyókù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbi tí àwọn ológun mú un lọ."

Ọjọ́ Ẹtì ni Àsíátù gbé ìwé rẹ̀ síwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Boubacar jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá náà kà á, ó gbójú sókè.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

Àsíátù mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ, ọ̀rọ̀ parí, iṣẹ́ di tòun.

"Mo kà wọ́n fúnra mi ni, Mùsíọ̀. Ẹni tó ní kí n kà wọ́n, mi ò lè dárúkọ rẹ̀."

"Ìwé tí kò ní orúkọ kò pé."

Àsíátù wo Boubacar. Boubacar ń wo ilẹ̀. Àsíátù dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ kà wọ́n pọ̀. Ọgbà kò jìnnà."

Wọ́n jáde sínú oòrùn. Ọkọ̀ mẹ́ta ti di ẹrù tán, kò sì sí tapólì lórí wọn. Ọ̀gá náà ka tapólì, ó tún un kà. Àwọn alábàárù dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀: "Kọ ọ́ sílẹ̀. Tapólì márùn-ún. Lónìí."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, Boubacar kò yìn ín. Ó kàn ní, "Ilé iṣẹ́ oníyìnyín kan ní àdúgbò Yantala ń retí wa ní ọjọ́ Ajé. Aago méje."

Àsíátù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. "Mùsíọ̀, ṣé wọn ò ní wá ẹni tó sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n á ti ṣe wá a? Ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ kà wọ́n, ojú gbogbo èèyàn ló sì ṣe; ọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀."

Ìgbà náà ni Àsíátù tó fẹ̀yìn ti àga, tó mí kanlẹ̀.