Ta Ló Pa Àparò Orí Òkìtì Ọ̀gán?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ, ẹ má bèèrè ọ̀rọ̀ aṣọ. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè gé ọrùn ẹ̀wù kó ṣe rẹ́gí bíi tirẹ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè aṣọ yín, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ó di ọ̀túnla." Ìbọn ni kí ẹ bèèrè. Kíá ni yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì ṣú mọ́ yín níbẹ̀.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀, irú èyí tí kì í lo ẹ̀tù, tí wọ́n ń ká láyà kí wọ́n tó ki ọta kékeré kan bọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló rà á fún ara rẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyàwó fi gbà á, nítorí ọwọ́ ọkọ ń gbọ̀n, ti ìyàwó kì í gbọ̀n. Ẹni tó ti ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, kí ni àparò fẹ́ fi ṣe é?

Àwọn márùn-ún ló ń lọ sóko ẹyẹ láràárọ̀ Sátidé: Bàbá Onífótò tó jẹ́ olórí wọn, Káfíńtà, oníbúrẹ́dì méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àti Ìyá Aránṣọ. Òfin wọn pọ̀ ju ẹyẹ tí wọ́n ń pa lọ. Kí wọ́n tó gbéra ni Bàbá Onífótò yóò ti máa kà á bí ẹni ń kírun: a kì í wọ oko olóko láìgbàṣẹ, a kì í yìnbọn sí ẹyẹ tó ń sàba, ohun tí a kò bá rí ẹ̀yìn rẹ̀, a kì í yìnbọn sí i, bí ẹyẹ bá fara gbọta, gbogbo wa la ó wá a rí kí ẹnikẹ́ni tó tún yìn. Paríparì rẹ̀, ẹni tó bá kàn nìkan ló ń yìnbọn, àwọn tó kù á gbé ọwọ́ wọn jẹ́ẹ́.

Òfin kan ṣẹ́ kù tó ń dun Ìyá Aránṣọ wọ eegun. Ẹni tuntun, ẹ̀yìn ni yóò máa tò títí yóò fi fi ọta kan ṣoṣo pa àparò lójú gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tó bá pa á, yóò bọ́ síwájú. Ọdún méjì gbáko lobìnrin yìí fi tò sẹ́yìn. Kó tó kàn án, àwọn ọkùnrin ti dẹ́rù ba gbogbo ẹyẹ inú igbó, àdàbà aláìgbọ́ràn kan ló máa ń kù sílẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ n tan yín, iwájú yẹn wù ú ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àparò kan gun orí òkìtì ọ̀gán létí oko àgbàdo, ó na ọrùn bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. Bàbá Onífótò nawọ́ sí Ìyá Aránṣọ pé òun ló kàn. Ó kúnlẹ̀, ó mú èémí dúró, ó fà á. Pá! Ẹyẹ ṣubú, kò tilẹ̀ ju apá. Ariwo sọ. Àwọn oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, Bàbá Onífótò sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ó parí! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iwájú lẹ máa wà." Kó tó di ọ̀sán, ọkọ rẹ̀ ti ròyìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, àparò kan sì ti di mẹ́ta.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Aránṣọ jókòó sí tó ń tu ìyẹ́ ẹyẹ tòun torin lẹ́nu. Ibi tó ti ń la àyà rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti kan nǹkan. Ọta ni. Ó ṣàn án, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, orin sì dá. Orí ọta náà tẹ́ pẹlẹbẹ. Olórí ṣóńṣó ni Ìyá Aránṣọ ń rà, láti ọjọ́ tó ti ń yìnbọn, kò ra òmíràn rí. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, Káfíńtà nìkan ló ń lo olórí pẹlẹbẹ. Ìgbà náà ló wá rántí pé Káfíńtà ti yà sápá òsì lẹ́yìn igbó, ó ní òun fẹ́ so okùn bàtà. Ìbọn méjì ló dún pọ̀ bí ẹyọ kan! Ihò ọta kan ṣoṣo ló sì wà lára ẹyẹ, tirẹ̀ ti tàsé.

Ó wù ú kó dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó ju ọta náà sínú agolo bọ́tìnnì, ó dé e, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, apá aṣọ oníbàárà ló ti rán mọ́ ibi ọrùn. Ó pòṣé, ó kó ọta àti ẹyẹ, ó di ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà.

"Ẹyẹ yín rèé," ló wí.

Káfíńtà wo ọta, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbà mí, Ìyá Aránṣọ! Mi ò mọ̀gbà tí mo fà á. Ẹyẹ náà ló wù mí. Ẹ bá mi dákẹ́, kó jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin á wà níwájú, èmi náà ò ní tẹ́. Ta ló máa pa lára?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó tilẹ̀ ti yíjú pé kó máa lọ kó tó dúró.

"Bí mo bá wà níwájú," ló ní, "ta ló máa wà lẹ́yìn mi?"

"Èmi náà ni, àtàwọn yòókù."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yìnbọn nígbà tí ò kàn yín? Káfíńtà, mo ṣì fẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi o! Ẹ wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá."

Káfíńtà ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ gbabẹ́rẹ́. Bàbá Onífótò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó yí ọta náà wò títí. "Ìyá Aránṣọ kò tíì pa àparò," ló wí, "ẹ̀yìn náà ni wọ́n wà. Ìwọ Káfíńtà, o lè ti pa èèyàn. Ẹ̀yìn wọn ni wàá máa tò, ìbọn rẹ á sì ṣófo títí yóò fi kàn ọ́."

"Ẹyẹ náà ńkọ́, Bàbá?" Káfíńtà bèèrè.

"Ilé ẹjọ́ ti gbẹ́sẹ̀ lé e." Ìyàwó Bàbá ti gbé omi kaná.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dun Ìyá Aránṣọ bó ṣe ń to ẹ̀yìn àwọn oníbúrẹ́dì, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tó kàn án, àparò kan jáde sáàárín ebè. Ó kúnlẹ̀, ó mú èémí dúró, ó fà á. Eruku sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ, àparò sì gbéra, ó fò lọ. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ìyẹn dá mi lójú," ló wí, "tèmi ni!" Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé àwọn oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká ìbọn rẹ̀ láyà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún Káfíńtà, nítorí òun ló kàn.