Ìgbéyàwó Wa Lábẹ́ Igi Orógbó

Ẹ̀wà ni màmá mi ń ṣà lórí àtẹ nígbà tí mo sọ fún un pé a ò ní ṣe ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbójú sókè.

“Níbo lẹ fẹ́ ti ṣe é?”

“Lóko ìrẹsì wọn ní Ìgbẹmọ, lábẹ́ igi orógbó. Ìyá àgbà ni yóò súre fún wa.”

Ìyá àgbà yìí ló bí bàbá àfẹ́sọ́nà mi. Nínú gbogbo ilé wọn, òun nìkan ni kò kúrò nídìí òrìṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ́ yìí tọ̀. Inú ìjọ Àládùúrà ní Òkè-Ìlá ni wọ́n bí èmi sí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn dé ìdí òrìṣà. Ẹnikẹ́ni ò fi oògùn mú mi. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Màmá mi gbé àtẹ sílẹ̀. “Lábẹ́ igi, bí ẹni tí kò nílé?”

“Lójú Olódùmarè tí ẹ̀yin náà ń pè, Màmá.”

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkùnrin tó fẹ́ bá wa gbé àga àti kánópì wá pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun pé ìgbéyàwó àwọn abọ̀rìṣà ni, àti pé àga òun ò ní dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, Mùsùlùmí tí a jọ ń ṣe tíṣà, gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ẹ fi àga yín sílé, bàbá. Ilẹ̀ ò le jù fún wa.”

A tẹ́ ẹní, a tẹ́ àpò ìrẹsì. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kó ara wọn jókòó, àwọn kan ń se ìrẹsì lórí ààrò, èéfín ń bò wá lójú, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà bu omi sínú igbá, ó ta á sílẹ̀, ó pe orúkọ àwọn òkú ilé wọn. Ó ní kí n pe tèmi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ agogo. Màmá mi ló ń bọ̀ láàárín oko, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ìyá ìjọ méjì tẹ̀ lé e.

“Mo wá mú ọ lọ sílé.”

“Mo ti délé, Màmá. Ẹ jókòó.”

Àfẹ́sọ́nà mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò wò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo.

“Ìyàwó, pè wọ́n tán,” ni Ìyá àgbà wí.

Mo gbóhùn sókè ju agogo lọ. Mo pe bàbá bàbá mi, mo pe ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá tó bí màmá mi. Agogo dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní, “Ẹ máa lù ú, Ìyá.” Màmá mi fi agogo náà sábẹ́ apá.

Ìyá àgbà pa obì, ó fi oyin tọ́ wa lẹ́nu, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ulé rẹ rèé,” ilé mi nìyẹn lóhùn Èkìtì. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ní, “Àṣẹ.”

Màmá mi kò jókòó, kò jẹ nǹkan kan. Kò súre fún mi, kò sì ṣépè. Ìgbà tí a parí ló yí padà pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé e. Mo sunkún díẹ̀. Mo nu ojú, mo sì jó títí oòrùn fi wọ̀.

Àwọn ará ibiṣẹ́ ṣì ń bi mí pé ìgbà wo la máa ṣe èyí tó jẹ́ ìgbéyàwó gan-an. Mo máa ń sọ fún wọn pé wọ́n ti pẹ́ jù, ìrẹsì ti tán. Màmá mi ti ń wá kí wa báyìí. Ó máa ń béèrè pé, “Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?”

“Ọkọ mi wà lóko, Màmá,” ni mo máa ń dá a lóhùn. Mi ò ní yéé sọ ọ́.