Àwọn Ọ̀nà Òkè, àti Sàláwátù Tó Mọ̀ Wọ́n

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́, tó ń kàwé níbí ní Ọ̀fà, wọlé tòun ti bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ pupa. Mo ti la ẹnu láti bá a wí nítorí pálọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ṣùgbọ́n òórùn kan ṣáájú ọ̀rọ̀ mi. Òórùn ẹfinrin ni. Kì í ṣe èyí tí a gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná o, ẹfinrin igbó ni, èyí tí ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá òkúta. Mo mọ ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀ kó tó sọ ọ́.

"Òkè la lọ gùn, Màmá," ó ní. "Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀, ó dára gan-an ni!"

N ò lè mọ ibẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, kó jókòó, kí n sọ ẹni tó mọ ibẹ̀ fún un. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi òkè ṣe eré ìdárayá.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó ń gun òkè nítorí ìdárayá. Oko ló wà lẹ́yìn òkè, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ kọjá. Òkè náà kò ga lọ títí. Ó rí bí àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ tó fi igbó bora, tí orí rẹ̀ nìkan yọ síta, òkúta borokoto, ó pá bí orí apárí. Nínú igbó yẹn, gbogbo ọ̀nà ló ní orúkọ. Ọ̀nà Jẹ́jẹ́ ni àwọn aboyún àti àwọn arúgbó ń gbà. Ó ń yí òkè ká bí ẹni tí kò fẹ́ bá a jà. Ọ̀nà Má-Wẹ̀yìn ga débi pé ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn lórí rẹ̀ yóò gbàgbé ohun tó ń wá lọ sóko. Ọ̀nà Etídò ń bá odò kékeré kan rìn gba inú àfonífojì. Ọ̀nà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹni tó bá gbà á lójò, kó má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀kan tó kù ni Ọ̀nà Oyin, nítorí àwọn oyin tó ń gbé inú ihò òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí wa ti fà wá létí pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni ìyá mi, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà la sì ń lọ. Èmi ni mónítọ̀ kíláàsì wa. Kí n má purọ́, mo gbéra ga. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní lọ́dọọdún, tí ìyá rẹ̀ tún jẹ́ tíṣà, á máa rò pé tí òun bá pàṣẹ fún oòrùn, á wọ̀.

Sàláwátù ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń ṣa èso ẹmi lórí òkè, á sì fi ṣe òrí. Láàárọ̀ kùtùkùtù, Sàláwátù á ti bá ìyá rẹ̀ gòkè, á ti sọ̀ kalẹ̀, á wá wọ kíláàsì pẹ̀lú yẹ̀rì tí ìrì ti rẹ. Tí wọ́n bá ní kó kàwé, àwọn lẹ́tà á sá mọ́ ọn lójú, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni. Àdúgbò kan náà la ń gbé. Ẹran Iléyá ń ti ilé wọn wá, ìrẹsì Kérésì ń ti ilé wa lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó dá a lójú pé kò lè borí òun láéláé.

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹfà, tíṣà wa ní òun fẹ́ mú wa lọ sórí òkè láti lọ wo igi àti òkúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, ó kọrí sí Ọ̀nà Etídò, nítorí pé ibẹ̀ ló tutù jù.

Sàláwátù na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ọ̀run ò dáa. Ẹ jẹ́ ká gba Ọ̀nà Jẹ́jẹ́."

Èmi ni mo dá a lóhùn kí tíṣà tó sọ̀rọ̀. "Ṣé ìwọ lò ń kọ́ wa ni, àbí tíṣà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín.

A dé orí òkúta láìsí wàhálà. A jẹ ẹ̀pà àti gúgúrú, a wo òrùlé Ọ̀fà nísàlẹ̀, a rí rélùwéè tó ń wọ́ lọ bí ọ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, kò sì kan ilẹ̀kùn. A sáré sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé etídò, ọ̀nà ti lọ. Omi pupa ló gba ibẹ̀, ó ń gbé kùkùté igi lọ. Tíṣà fi ẹsẹ̀ dán òkúta kan wò, ó yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi, ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ dúró síbí," ó ní. "Omi á fà láìpẹ́."

"Kò níí fà lónìí sà," Sàláwátù wí. "Ó ṣì ń kún ni. Òkúta ń yọ̀, a ò lè gbé yín padà gòkè lọ síbi Ọ̀nà Jẹ́jẹ́. Ọ̀nà Oyin nìkan ló kù."

Mo pariwo pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Mo ti rí ọ̀nà kan lápá ọ̀tún, ó gbòòrò, ó mọ́, ó sì kọrí sísàlẹ̀. Mo ní kí àwọn tó bá gbọ́n tẹ̀lé mi. Ọmọ márùn-ún tẹ̀lé mi, kí tíṣà tó lè pè wá padà, a ti wọgbó.

Ọ̀nà náà dáa fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dópin, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Etí òkúta ni mo dúró sí, òfuurufú ló wà níwájú mi. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ Dúpẹ́, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yọ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Àwa méjèèjì na gbalaja sórí òkúta, mo fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò igi mú, n kò sì lè mira. Àwọn mẹ́rin yòókù ń ké lẹ́yìn wa.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí Sàláwátù ń pe orúkọ mi. Ó so ìró ìyá rẹ̀ tó fi bora mọ́ igi, ó fi àyà wọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó kọ́kọ́ fa Dúpẹ́, ó sì wá fà mí. Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Omi ló la ọ̀nà yìí, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀nà tí ènìyàn là kì í gbòòrò tó báyìí. Dìde. Má wo ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni kó o máa wò."

A padà sọ́dọ̀ tíṣà. Ó ti ní kí ọmọkùnrin méjì tó síngbọnlẹ̀ gbé òun sáàárín èjìká. Sàláwátù ṣáájú, ó ní oyin kì í jáde nínú òjò. Bí a ti ń kọjá lẹ́bàá ihò náà, a ń gbọ́ wọn nínú òkúta, wọ́n ń kùn bí àwọn àgbààgbà tó ń gbàdúrà. Ẹyọ kan kò jáde. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, àwọn òbí wa ti pé jọ, ìyá mi sì di mí mú.

"Ta ló mú yín gba ibí?" ó bi mí.

Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, etí òkúta yẹn kò bà mí lẹ́rù tó ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí ẹ̀rín tí mo fi Sàláwátù rín títí dórí ìró ìyá rẹ̀ tó fi fà mí.

Nígbà tí tíṣà padà dé kíláàsì, pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ní kí Sàláwátù ya òkè náà sórí bọ́ọ̀dù. Ó yà á, ó ya gbogbo ọ̀nà, títí kan àwọn tí àwa yòókù kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n kò lè kọ orúkọ wọn. Mo dìde láìjẹ́ pé wọ́n rán mi, mo lọ dúró tì í, bó ti ń pè wọ́n ni mò ń kọ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án, èmi á kọ́ ọ ní lẹ́tà, òun á kọ́ mi ní ọ̀nà. Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó le lórí, òun kò sì fìgbà kan fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ọdún náà tó parí, Sàláwátù ti ń kàwé sókè.

Lẹ́yìn ìdánwò, àbúrò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ wá pè é láti Kàdúná. Mo sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó kọ lẹ́tà kan sí mi, ìkọ̀wé rẹ̀ dagun bí ẹni tó ń gòkè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Mo fèsì. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo bi ará ilé wọn, mo bi ẹni tó ń ti Kàdúná bọ̀, ọdún sì ń gorí ọdún.

Àwọn tó ń lọ sí Ójòkú, ìlú tó wà nítòsí wa, ti ń gun ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ báyìí, oko ti sún mọ́ títì, wọ́n sì ti gé ọ̀pọ̀ igi ẹmi fi ṣe èédú. Èyí dùn mí. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe àgbà tó ń sunkún lórí gbogbo nǹkan. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ ọmọdé tún ti ń tẹ òkè, nítorí ọ̀nà tí a kò bá rìn, igbó á gbà á. Omi sì ń gba ibi tó ti ń gbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò bìkítà fún fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà sì gbọ́dọ̀ lè gbọ́, ìbáà jẹ́ mónítọ̀. Ìyẹn ni mo rí gbà lórí òkè, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà: tí ọmọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bá na ọwọ́, mo máa ń dákẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.