Ọkọ̀ Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà lọ́dún tí bàbá mi kó wa kúrò ní Jọ́ọ̀sì wá sí Èsìẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ ọkọ̀ bí ẹni ń wọ bàtà lónìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo ti kọ ìròyìn jàǹbá, mo ti kọ ti ìjà ìlú sí ìlú, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wa kò jáde nínú ìwé ìròyìn kankan. Mo wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀, mo sì ti bi wọ́n léèrè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo máa sọ ọ́.

Akọ̀wé ni bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ọtí. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ló ta ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé kan fún un, ìjókòó rẹ̀ awọ. Láti ọjọ́ náà ni àwa tí a wà nínú ilé ti di èrò ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun àti mẹkáníìkì Haúsá kan pẹ̀lú ọkùnrin Ìbò kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí," bàbá mi á wí. "Ẹ gbọ́ ọ. Ó ń mí dáadáa."

Aṣọ funfun kan wà tó fi ń nù ún. Ìyá mi fi aṣọ náà nu imú àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan, bàbá ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí kùsà tán, iṣẹ́ tán, bàbá ní ilé yá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gba bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti àpótí wa. Kò fẹ́ kí ẹrù kankan ha inú ayọ́kẹ́lẹ́ òun. Àwa mẹ́rin péré la máa jókòó sínú rẹ̀: òun, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Búùtù á ṣófo.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí a gbéra, télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Èsìẹ́ kú ní Jọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ni. Iwájú ilé wa gan-an ní Èsìẹ́ ni ilé ìyá rẹ̀ wà, òun nìkan ló sì bí. Lákòókò yẹn, àwọn ará ilé wa tó wà lókè Ọya kì í fẹ́ sin òkú wọn sí ìdálẹ̀. Ọmọ ìlú tó bá ní ọkọ̀ tó ń lọ sílé ló ń gbé e, kì í sì í ṣe oore. Ojúṣe ni.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wá bá bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Bàbá ọmọ," ni àgbà wọn wí, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, ọjọ́ tí ẹ ń lọ ló bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ọmọ yìí sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá ọmọ àtàwọn ọmọ á wọ ọkọ̀ ẹrù."

"Òórùn òkú kì í kúrò lára awọ," ni bàbá mi dá a lóhùn.

"Àná ló kú. Òtútù Jọ́ọ̀sì ò tíì jẹ́ kó rùn."

"Tí a bá dé Mọ́kwà ńkọ́? Ṣé òtútù wà ní Mọ́kwà?"

"Ẹ jẹ́ ká dì í mọ́ orí ọkọ̀ nígbà náà." Ọ̀kan nínú wọn ti na ọwọ́ sí orí ayọ́kẹ́lẹ́ náà láti wọ̀n ọ́n.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

 Ẹni tó na ọwọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. A ò mọ̀ pé ọba ni."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kí a tó gbéra, ni wọ́n sin télọ̀ sí Jọ́ọ̀sì. Wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n dì wọ́n sínú aṣọ funfun, kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan kan sin sílé. Wọ́n gbé èyí náà wá. Kò tóbi ju ẹ̀kọ kan lọ.

"Ẹ gbé e fún awakọ̀ akẹ́rù," ni bàbá mi wí. "Òkú ni òkú ń jẹ́."

"Èékánná nìyí o, bàbá ọmọ."

"Mo gbọ́."

Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún awakọ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó fi í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tí aṣọ àbúrò mi wà, ó sì wò mí. Mo pa ẹnu mi dé. Láti Jọ́ọ̀sì dé Kàdúná, láti Kàdúná dé afárá Jẹ́bà, ẹsẹ̀ mi ń kan apẹ̀rẹ̀ náà. Bàbá ò jẹ́ kí a jẹ èpà nínú ọkọ̀ nítorí èèpo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, á yọwọ́ kan, á fi lu ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn.

Ọkọ̀ ẹrù ti ṣáájú wa dé Èsìẹ́, ọ̀rọ̀ òkú télọ̀ náà sì bá a dé. Àwọn ènìyàn kí ìyá mi káàbọ̀. Wọ́n wo bàbá mi. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́, a kọjá sí òdìkejì, sí ilé ìyá télọ̀. Ìyá arúgbó náà tú aṣọ funfun. Ó mú èékánná ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọkọ̀ wo ló gbé e wá?" ni ó béèrè.

"Tiwa ni, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ jáde. Bàbá wọn ò mọ̀."

Kò sọ ọ́ jáde. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló sin ín sí.

Ní Èsìẹ́, bàbá mi ò rí ẹni bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ó wá ń fọ ọkọ̀ náà láràárọ̀ lábẹ́ igi òdòdó iwájú ilé, ó sì ń lé ènìyàn. Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ fẹ̀yìn tì í kó lè sinmi, bàbá kígbe mọ́ ọn títí ẹrù fi bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó sórí igi kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá télọ̀ ti sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. "Máfọwọ́kàn ń lọ o! Ẹ yà fún Máfọwọ́kàn!" Bí wọ́n bá rí èmi, wọ́n á ní, "Ọmọ Haúsá, ṣé bàbá yín ń jẹ́ kí ẹ mí nínú rẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a. Ọkọ̀ ìgbà náà, tí ọyẹ́ bá mú, bátìrì rẹ̀ á rẹ̀, títì la fi ń jí i. Ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọ̀dọ́ á ti dìde, wọ́n á tì í tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọlọ́kọ̀ á sì gbé wọn dé oríta. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ àlejò.

Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti yọ, gìrì mú àbúrò mi. Ìyá mi gbé e jáde, ara rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Ọ̀mù-Àrán ni ilé ìwòsàn wà. Ọ̀kadà kò tíì sí. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Ó dákẹ́ pátápátá.

Àwọn ọ̀dọ́ náà wà lórí igi, bíi mẹ́fà. Ọ̀kan ń jẹ iṣu sísun. Kò sẹ́ni tó dìde.

Bàbá mi bọ́ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í!"

"Bàbá, ọwọ́ wa dọ̀tí," ni ẹni tó ń jẹ iṣu wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní ká má fọwọ́ kàn án," ni òmíràn fi kún un.

"Mo bẹ̀ yín. Ọmọ mi ni."

"Ẹ pe télọ̀ wa kó wá bá yín tì í."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wò wá, bí àwọn ère òkúta tó wà nínú igbó ìlú wa. Ìyá mi ní òun á fi ẹsẹ̀ sáré lọ. Bàbá dá a dúró: "Ó máa sítáàtì. Fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa sítáàtì." Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọkọ̀ sún díẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Ó tún tì í. Ó padà sẹ́yìn.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Ìyá arúgbó náà jáde, ó ró ìró rẹ̀ le, ó rékọjá, ó gbé àtẹ́lẹ́wọ́ méjèèjì lé búùtù tí eruku ọyẹ́ ti bò. Bàbá mi wò ó.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá tì í," ni ìyá náà wí. "Inú ọkọ̀ yìí ni èékánná ọmọ mi gbà délé. Wọlé, kó o yí kọ́kọ́rọ́."

Bàbá yí ojú sí ìyá mi. Ìyá mi ò wo ojú rẹ̀, ó ti gbé ọmọ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi náà gbé ọwọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá arúgbó, a sì ń tì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dìde. Ẹni tó jókòó tì í fa ẹ̀wù rẹ̀, ó sì padà jókòó. Díẹ̀díẹ̀, a tì í dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, ẹ́ńjìnnì jí. Ìyá arúgbó ṣubú lórí orúnkún rẹ̀ sínú eruku. Èmi ni mo fà á dìde.

Ìyá mi ló sọ ìyókù fún mi, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Báyìí ló ṣe sọ ọ́: "A ti kọjá Àrándùn nígbà tí àbúrò rẹ na ara lẹ́sẹ̀ mi. Mo ké. Bàbá rẹ ní kí n má sunkún, kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì, pé ó ti ń mí dáadáa." Nọ́ọ̀sì Ọ̀mù-Àrán kò ṣe ju pé ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà lọ, ó sì fi ìró ìyá mi bo ojú rẹ̀. Orí ìjókòó awọ náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí bọ̀ wálé. Òkú àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bàbá mi gbé nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ orí igi náà ló gbẹ́ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi pọn omi, ó mú aṣọ funfun, ó sì ń fọ ọkọ̀. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó dúró. Àmì àtẹ́lẹ́wọ́ wà nínú eruku búùtù: méjì ńlá, méjì kékeré. Ó wò wọ́n pẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó nù wọ́n.

Nígbà tí mo di akọ̀ròyìn, mo lọ bi wọ́n léèrè. Ẹni tó ń jẹ iṣu ti di bàbá ọlọ́mọ rẹpẹtẹ. "A ò mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn," ló wí. "A rò pé ó fẹ́ ṣe gbẹ̀fẹ́ lọ ni." Mo wá ẹni tó dìde tó tún padà jókòó lọ. Ó ní, "Irọ́ ló pa fún ẹ. A rí ọmọ náà, a rí ojú rẹ̀ tó yí. A fẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wá dáadáa ni." Mo bi bàbá mi náà kó tó kú.  "Ọkọ̀ yẹn ò ní àléébù kankan," ló wí. "Bátìrì ni."

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ tí gìrì bá mú ní Èsìẹ́ láàárọ̀ yìí, ọ̀kadà á ti gbé e dé Ọ̀mù-Àrán kí omi tó hó, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Áńbúláǹsì ló ń gbé òkú wá láti Èkó báyìí, wọ́n á fọn fèrè rẹ̀ wọ ìlú. Ọkọ̀ tuntun, ìka kan ni a fi ń jí i. Ẹnikẹ́ni kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì á sì wà ní pípadé láti ilé dé ilé.

Ọmọ mi ọkùnrin ní ọ̀kan. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí bàbá mi ṣe fẹ́ràn tirẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti rí i, wọn ò bá ara wọn láyé. Nígbàkígbà tó bá wá gbé mi, mo máa ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kọjá, mo máa ń fi àtẹ́lẹ́wọ́ mi méjèèjì tẹ búùtù rẹ̀ kí n tó wọlé.

"Màmá, ẹ ti tún fọwọ́ kàn án," á wí.

 Mo máa ń jókòó, mo máa ń wo dígí, bóyá lọ́jọ́ kan á fi àmì ọwọ́ mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, á sọ̀ kalẹ̀, á sì nù ún.